Ikùn Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì Georgina

Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tún ta sí Olúbùnmi lójú. Ó ju kàn-ìn-kàn-ìn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi apá nu ojú, ó sì pòṣé kan tó gùn ju ọ̀nà Tafo lọ.

"Ọkọ̀ ojú omi!" Òun nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀. "Ní Kumasi! Níbi tí kò sí òkun, tí kò sí ọ̀sà! Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi o, wọn kì í ṣe apẹja. Kí ló kàn mí kan ọkọ̀ ojú omi?"

Ní Suame Magazine, níbi tí àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe pọ̀ sí ní Kumasi, ariwo òòlù lórí irin kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, áńbọ̀sì kó gbọ́ ìráhùn ọmọ ọlọ́mọ.

Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀. Mọ́tò ni Oyèdélé, bàbá rẹ̀, máa ń kùn lọ́dà. Bí ara mọ́tò kan bá ti jẹrà, ó mọ bí a ṣe ń fi fáíbà, ìyẹn ike líle kan, lẹ̀ ẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ihò ti wà níbẹ̀ rí. Iṣẹ́ fáíbà yìí ló gbé Nọ́ọ̀sì Georgina wá. Ọmọ ìjọ wọn ni nọ́ọ̀sì náà, Kumasi ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Yeji ló ń gbé, níbi tí ó ti ń gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin abúlé tó wà létí odò Volta. Ọkọ̀ tó ń gùn kiri lórí omi ló fẹ̀gbẹ́ gbá kùkùté igi, fáíbà sì ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀. Wọ́n wá gbé e sórí lọ́rì, ó di ọ̀dọ̀ Oyèdélé. Ó ti lẹ̀ ẹ́ tán báyìí. Ó ku kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì dán an.

Èyí tó kù yẹn ni wọ́n gbé lé Olúbùnmi lọ́wọ́, nítorí pé àkókò ìsinmi ilé ìwé ni, kò sì sí ọmọkùnrin nílé mọ́.

Ọkọ̀ náà ti funfun nígbà kan, ṣùgbọ́n àìmọye igi ló ti kú sínú odò yẹn, àwọ̀ wọn ló sì mu ara ọkọ̀ títí tó fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi èèpo igi. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọṣẹ àti omi ló máa kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú iyọ̀ lórí àbàwọ́n, kí a fi àkísà tútù bò ó kí oòrùn má tètè gbẹ ẹ. Kí a wá fi omi ṣàn án, kó gbẹ, nígbà náà ni ìda inú agolo tí wọ́n fi ń dán mọ́tò yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Kò gbọdọ̀ fi kàn-ìn-kàn-ìn onírin kàn án, nítorí á họ ojú fáíbà. Kò sì gbọdọ̀ kánjú.

"Ẹni tó bá fi ìda kun àbàwọ́n," bàbá rẹ̀ a máa wí, "àbàwọ́n ló ń dán."

Kí a má purọ́, ọmọ náà ti gbìyànjú. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọkọ̀ ti mọ́, ó ti fi ìda pa wọ́n, ó sì ti nù ún títí tó fi ń rí ojú ara rẹ̀ nínú wọn. Ikùn ọkọ̀ ló kù. Ikùn yìí ló ń bí i nínú jù, nítorí pé orí ìtì igi ni wọ́n gbé ọkọ̀ lé, wọn kò sì lè dojú rẹ̀ dé. Àwọn ìjókòó tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ sínú rẹ̀ kò tí ì gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fọ ikùn náà, àfi kó tẹ́ àpò sílẹ̀, kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹrẹ̀, kó sì máa fọ òkè bí ẹni ń fọ àjà ilé. Gbogbo ohun tó bá sì fọ̀ kúrò, ojú àti ẹnu rẹ̀ ló ń bọ̀ sí. Èérí odò ti gbẹ mọ́ ikùn náà bí èépá, pẹ̀lú ìgbín wẹ́wẹ́ tó ti kú sára rẹ̀. Ó ti fọ̀, ó ti họ, ó ti bú u, ibi tó mọ́ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ibẹ̀ ni Abena ti bá a. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Abena, agboolé kan náà ni wọ́n ń gbé ní Tafo láti kékeré, ó sì gbọ́ Yorùbá débi pé ó ń fi bú èèyàn.

"Hwɛ! Wo ara ẹ, Búnmi, o ò tí ì wẹ̀?" Abena kígbe. Ó ti wọ kaba tuntun, ó ti kun àtíkè sójú. "Ṣé o ti gbàgbé ni? Ọ̀tunla ni mò ń lọ."

Olúbùnmi kò gbàgbé. Abena ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní etí òkun. Wọ́n ti jọ pinnu pé àwọn yóò ya fọ́tò pọ̀ kó tó lọ, òní ni wọ́n sì dá.

"Onífọ́tò ọjà Kejetia ti gbé aṣọ tuntun kọ́," Abena ń bá tirẹ̀ lọ. "Wọ́n ya òkun sí i, wọ́n ya ọkọ̀ ojú omi funfun sí i. Ó dùn ún wò paa! Gbogbo èèyàn ló ń lọ dúró níwájú ẹ̀."

"Ọkọ̀ ojú omi?" Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gba Olúbùnmi lọ́wọ́ ẹ̀rín. "Abena, mo bẹ̀ ọ́, má dárúkọ ẹ̀ sí mi létí."

"Kí ló kù tó o fẹ́ ṣe?"

"Ikùn ẹ̀."

Abena bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ ọkọ̀, ó tún nàró. "Èyí? Ta ló máa wo ikùn ọkọ̀? Ṣebí inú omi ló máa wà. Àbí ẹja ló máa yẹ iṣẹ́ ẹ wò?"

Olúbùnmi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà lọ, ọ̀rọ̀ yẹn kò lọ. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ Ajé ni lọ́rì ń bọ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀la jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, bàbá rẹ̀ kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni nínú ilé gbé kàn-ìn-kàn-ìn lọ́jọ́ yẹn. Bí kò bá fọ̀ ọ́ lónìí, kò ní fọ̀ ọ́ mọ́ nìyẹn. Ó tún wo abẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Òótọ́ ni, èèyàn tó bá nàró kò lè rí i. Bàbá rẹ̀ tí ìbàdí ń dùn kò lè bẹ̀rẹ̀ débẹ̀. Ta ló máa wò ó?

Ó bu ìda díẹ̀ sí i, ó fi pa etí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yíká, kí dídán ibẹ̀ lè dá ojú dúró. Lẹ́yìn náà, ó gbé igbá omi ọsàn tó kù, ó dà á sínú gọ́tà. Omi dáadáa ni. Ó ti fún ọsàn yẹn títí ìka fi ń ta á.

Fọ́tò náà kò gbà wọ́n lákòókò rárá. Wọ́n gbọ́wọ́ lé ara wọn léjìká níwájú ọkọ̀ orí aṣọ, onífọ́tò ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun alẹ́, bàbá rẹ̀ ti délé láti Magazine, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó ti rí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

"Ìyá Búnmi," ó pe ìyàwó rẹ̀, "kó o wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ẹ. Ọkọ̀ náà ń kọ mànà!" Ó yíjú sí ọmọ. "O parí ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ikùn ẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti fọ̀ ọ́, Bàbá."

"Ó dáa. Ǹ bá ní kí Múdàṣírù ọmọ iṣẹ́ wa yọjú wò ó, àmọ́ kí ni mo fẹ́ wò lẹ́yìn ọmọ mi?" Ó bu òkèlè, ó dá a dúró lọ́wọ́. "Ẹ wò ó, ẹ má fi ojú kékeré wo nǹkan wọ̀nyí. Nígbà tí ìjọba ní kí àwa àjèjì kó jáde, tí ilé wa dá páropáro, tí ẹ̀gbọ́n ẹ bá àwọn bàbá àgbà lọ sílé, kí ló jẹ́ kí n ríwèé dúró? Àwọn ará Magazine ló dìde. Wọ́n ní Anago yìí, ìyẹn èmi Yorùbá, kì í ṣe iṣẹ́ màgòmágó. Orúkọ yẹn la fi ń jẹun níhìn-ín. Lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, ẹrù wa la máa dì."

Olúbùnmi bu òkèlè tirẹ̀. Ó yẹ kó sọ ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun lọ. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ọjọ́ Ajé kò ní pẹ́ dé, ọkọ̀ á wọ omi, ọ̀rọ̀ á tán. Bí ọmọ aráyé ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, lọ́rì onígi ti wà ní Magazine nígbà tí Olúbùnmi gbé oúnjẹ bàbá rẹ̀ débẹ̀. Nọ́ọ̀sì Georgina dúró ti ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń dúpẹ́. Àwọn oníṣẹ́ irin àti àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ti yí wọn ká, wọ́n ń yin Oyèdélé, òun náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ojú ọ̀run ti ṣú.

Yaw, awakọ̀ lọ́rì náà, wo òkè, ó wo ọkọ̀, ó mi orí. "Másítà, mi ò ní gbé e báyìí o. Òjò ń bọ̀. Bí omi bá kún inú ẹ̀ lórí lọ́rì mi, ta ló máa ra táyà fún mi? Ẹ dojú ẹ̀ dé, kí ikùn ẹ̀ wà lókè."

Olúbùnmi sáré wọ àárín wọn. "Bàbá!" ó ké. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dojú ẹ̀ dé! Ìda ara ẹ̀ máa bàjẹ́!"

"Ìda tó ti gbẹ?" Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ ò rí ọmọ yìí bó ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ gbé e, ẹ̀yin ọkùnrin. Ìjókòó inú ẹ̀ ti gbẹ, kò séwu."

Wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e, wọ́n fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ lórí táyà, wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ikùn ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì Georgina sì kọjú sí ọ̀run pẹ̀lú gbogbo ẹ̀gbin rẹ̀. Èépá bò ó látorí dé ìdí, àyàfi ibi kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, tó funfun kedere láàárín, bí ẹni pé wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Ìgbín gbígbẹ kan yẹ̀ lára rẹ̀, ó já lé Yaw lẹ́sẹ̀.

Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Ṣé iṣẹ́ Anago náà nìyí?" Ni ẹ̀rín bá bú.

Oyèdélé kò rẹ́rìn-ín, kò sì pariwo. Ó wo ikùn ọkọ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. Olúbùnmi ì bá kúkú fẹ́ kó gbá òun létí.

Múdàṣírù, ọmọ àdúgbò Asawase tó ti ń bá Oyèdélé ṣiṣẹ́ tipẹ́, ló bú sọ́rọ̀. "Haba, Búnmi! À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ jẹ̀ láàtàn! Bàbá ẹ ń wá orúkọ fún ẹ, ìwọ ń dà á sí gọ́tà! Wàláhì, bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ṣé o ò lẹ́nu tó o fi máa pè mí ni?"

"Nọ́ọ̀sì," Oyèdélé sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi dọ̀la."

"Bàbá Búnmi, ǹ bá dúró, àmọ́ mi ò lè dúró. Aboyún kan ń bẹ lódìkejì odò, oyún ẹ̀ ti tó bí, ìdí lọmọ náà sì kọ síwájú. Àfi kí n débẹ̀ lónìí."

Oyèdélé gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí lọ́rì bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà, ó nawọ́ kòròbà sí ọmọ rẹ̀. "Pọn omi kún un. Gun lọ́rì. Múdàṣírù á bá ẹ lọ. Gbogbo ibi tí lọ́rì yìí bá ti dúró, ibẹ̀ ni wàá ti máa fọ̀ ọ́. Kí ọkọ̀ yìí tó kan omi, kí ikùn ẹ̀ ti mọ́."

"Bàbá, lójú gbogbo èèyàn?"

"Ojú gbogbo èèyàn náà ló ti hàn."

Bẹ́ẹ̀ ni Olúbùnmi ṣe gun lọ́rì, tòun ti kòròbà, tòun ti àpò ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ sì wá wo ìyọnu: epo kò tó Yaw, Tafo ló sì ti máa ń ra epo. Ìyá Olúbùnmi ti pe gbogbo agboolé jáde sójú ọ̀nà láti wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti tò sílẹ̀ bí ẹni ń retí ìyàwó tuntun. Ohun tí wọ́n rí ni ikùn ẹlẹ́gbin, pẹ̀lú ọmọ kan tó dọ̀bálẹ̀ lé e lórí, tó ń họ ọ́, tó ń sunkún.

"Búnmi!" Ìyá rẹ̀ gbá orí mú. "Kí ni mò ń rí yìí?"

"Ohun tí kò fẹ́ ká rí ni, Màmá," Múdàṣírù dáhùn láti iwájú lọ́rì. "Ẹ bá wa wá ọsàn kún un."

Ní ọ̀nà Mampong, òjò náà dé. Múdàṣírù fi tapólì borí, ó ń kùn pé tòun kọ́ nìyí, pé òun kò bímọ rí, ọmọ ọlọ́mọ ti fẹ́ pa òun. Ṣùgbọ́n òjò ló ṣàánú Olúbùnmi. Ó mú èépá náà rọ̀. Nígbà tí wọ́n dúró ní Mampong, ó ń ká lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ejura, ó ti rí àbàwọ́n pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ àkísà ọsàn lé e. Ìka rẹ̀ ti bó, iyọ̀ sì ń ta á, ó ń bú ọkọ̀, ó ń bú Abena, ó ń bú ọkùnrin tó kọ́kọ́ rò ó pé kí èèyàn máa rìn lórí omi. Nígbà tó bú gbogbo wọn tán, ó ku ẹnìkan, ó sì bú ẹni náà pẹ̀lú, òun fúnra rẹ̀ ni.

Oòrùn kò tí ì wọ̀ nígbà tí wọ́n dé Yeji. Ó ku apá ìdí ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì Georgina ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó mú kàn-ìn-kàn-ìn, ó ń bá a fọ̀ ọ́.

"Ẹ má ṣe é, Mà," Olúbùnmi sọ, ojú tì í.

"Jẹ́ ká tètè ṣe é tán, àsìkò ń lọ." Nọ́ọ̀sì náà ń fọ̀, ó ń sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lèèyàn ń wò, ọmọ mi. Ikùn ẹ̀ ló ń rìn. Bí ikùn bá rí pàlàpàlà báyìí, omi á máa dì í mú, á máa fà á sẹ́yìn. Ìrìn tó yẹ kó yá á pẹ́. Bí ẹja nìkan ló wà nínú ọkọ̀, kò burú. Bó bá jẹ́ obìnrin tó ń rọbí ńkọ́?"

Olúbùnmi ti rò ó pé bàbá òun nìkan ni òun ṣẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó sì wá ń fọ ọkọ̀ náà bí ẹni pé ìyá tirẹ̀ ló fẹ́ wọ̀ ọ́.

Wọ́n ṣàn án, wọ́n nù ún, wọ́n dojú rẹ̀ sókè, wọ́n tì í sómi. Olúbùnmi kò rí omi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ̀ náà yọ̀ lọ gere pẹ̀lú nọ́ọ̀sì nínú rẹ̀, wọn kò sì rí ikùn rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ bó ṣe rí, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ fọ́tò yẹn.

Ìròyìn dé lọ́sẹ̀ yẹn pé obìnrin náà bí, tìyá tọmọ là á já. Oyèdélé ti lọ káàkiri Magazine kí ìròyìn náà tó dé. Kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. "Ọmọ mi ló fi iṣẹ́ sílẹ̀," ni ó ń wí fún wọn, "ọmọ mi náà ló parí ẹ̀." Àwọn tó rẹ́rìn-ín ní kò burú. Ṣùgbọ́n títí ìsinmi fi parí, gbogbo mọ́tò tó bá wọlé, abẹ́ rẹ̀ ni Oyèdélé ń ní kí Olúbùnmi fọ̀, á sì rán Múdàṣírù láti yọjú wò ó. Ìyẹn dun ọmọ náà ju abẹ́ mọ́tò lọ. Nígbà kan rí, wọn kì í yẹ ẹ́ wò.

Fọ́tò náà jáde nígbà tó ṣe. Ìyá rẹ̀ ní ó dára. Múdàṣírù ní ó dára. Oyèdélé gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wo ọkọ̀ funfun tó wà lẹ́yìn àwọn ọmọbìnrin méjèèjì pẹ́.

"Ọkọ̀ yìí mọ́ o," ó sọ. "Ta ló fọ ikùn ẹ̀?"

Múdàṣírù rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Olúbùnmi náà rẹ́rìn-ín, omijé sì wà nínú rẹ̀. Ó gba fọ́tò náà, ó wò ó dáadáa. Ayàwòrán kò ya ikùn kankan fún ọkọ̀ náà, ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ parí sí. Ọkọ̀ inú àwòrán kò nílò ikùn, nítorí kò ní gbé ẹnikẹ́ni débì kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹlòmíràn máa fi ẹ̀mí rẹ̀ lé, ibi tí ojú kò tó níbẹ̀ ni kí èèyàn kọ́kọ́ fọ̀ mọ́.